Bàbá Panápaná Ilé Yìnyín Ìsọlọ̀

Kò sí ẹni tó ń ra ẹja ní Ìsọlọ̀ tí kò tíì gbọ́ nípa ọjọ́ tí Bàbá Mísbáù ti Alhaji Abdulmajeed mọ́ inú ilé yìnyín. Wọ́n ti bu iyọ̀ sí ìtàn ọ̀hún, wọ́n ti rọ epo sí i. Àwọn kan ní odidi wákàtí kan ni. Àwọn kan ní ńṣe ni wọ́n gbé Alhaji jáde gbọnrangandan bíi páálí títùs. Irọ́ ni, ẹ má dá wọn lóhùn. Ojú Ìyá Roqeebah tó ni ilé yìnyín ló ṣe, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni. Àmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú ilé yìnyín, pẹ̀lú agbádá léèsì tó lu jára, ẹni tó bá rò pé eré ni, kó lọ dán an wò.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Bàbá Mísbáù, ẹni tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná nílé iṣẹ́ náà, ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn: AAGO MẸ́FÀ, AAGO MÉJÌLÁ, AAGO MÁRÙN-ÚN. Ìgbà mẹ́ta lóòjọ́ ni ilẹ̀kùn ń ṣí. Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹja, kó wá nígbà náà. Ẹni tí kò bá lè wá, kó lọ jẹ ẹyin. Alhaji Abdulmajeed, oníbàárà tí ẹja ẹ̀ pọ̀ jù lọ níbẹ̀, dé ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Kò wo ara ilẹ̀kùn. Ó ṣí i gbàgà, ó wọlé, ó fi í sílẹ̀ gbayawu, ó dúró sáàárín páálí, ó ń bá àna ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù: "Àní nínú ẹja mi ni mo wà báyìí! Tèmi ni gbogbo ohun tí mò ń wò yìí!" Òtútù ń rọ́ jáde lọ sí títì bí èéfín.

Ẹ̀yìn ilé ni Bàbá Mísbáù ti ń bọ̀. Ó rí òtútù tó ń rìn lọ. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi irin dá a.

Nígbà tí Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀kùn, Bàbá gbé ẹnu sún mọ́ etí ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni! Alhaji Abdulmajeed! Ẹ ṣílẹ̀kùn jàre!"

"Ẹ káàárọ̀ sà. Aago mẹ́wàá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Ilẹ̀kùn ò ní í ṣí di aago méjìlá."

"Bàbá, mo fẹ́ kú síbí o!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Alhaji. Kò sí nǹkan tó ń bàjẹ́ níbẹ̀ yẹn, tí ilẹ̀kùn bá ṣáà ti wà ní títì."

Ìyá Roqeebah ló sáré dé, tó ṣílẹ̀kùn. Alhaji jáde, eyín ẹ̀ ń lu ara wọn. Àwọn tó ń sọ ìtàn náà ní irùngbọ̀n ẹ̀ ti funfun báláú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ó ti funfun láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ìyá Roqeebah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan dípò ẹ̀rín, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni kì í sì í jẹ́ kó sùn mọ́ báyìí. A ó dé orí ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí bàbá náà jẹ́, kí Ọlọ́run fi àljánnà kẹ́ ẹ.

Ìsíátù ni orúkọ Ìyá Roqeebah, ọmọ Ẹ̀gbá ni. Ọkọ ẹ̀ ló fi ilé yìnyín náà sílẹ̀ fún un nígbà tó kú. Kò ní nǹkan mìíràn. Ibẹ̀ ló fi ń jẹun, ibẹ̀ ló fi rán ọmọ níléèwé. Nígbà tí wọ́n wá gbé àdúgbò wọn sí Band A, tí iná ń wà tọ̀sán-tòru, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni gbogbo èèyàn fi ń yọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n mọ iye tí wọ́n ń tà á. Iná tí Ìsíátù rà sínú mítà fún oṣù kan, ọjọ́ mọ́kànlá ni mítà jẹ ẹ́ tán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀. Ó ti ń wá ẹni tó máa ra ilé yìnyín lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní kóun padà sídìí àtẹ, kóun máa ta ẹja yíyan.

Ọjọ́ tó ń sunkún lórí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni Bàbá Mísbáù wá ra ẹja kòtè mẹ́rin. Arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, orí ẹ̀ pá, téṣítà àwọn oníṣẹ́ iná wà nínú àpò ẹ̀wù ẹ̀ níbi tí àwọn ẹlòmíì ń fi bírò sí. Kò tíì gba ẹja tó fi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé etí ilẹ̀kùn ilé yìnyín.

Ó ní, "Alhaja, ẹ̀ ń ta òtútù fún títì. Ṣé títì ti sanwó?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ara mi ò balẹ̀ lónìí."

Bàbá yọ ogún náírà kan, ó fi há ẹnu ilẹ̀kùn, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó wá fi ìka méjì fa owó náà. Ó yọ jáde wẹ́rẹ́. Ó ní, "Ẹ wò ó. Tí rọ́bà ilẹ̀kùn bá dáa, owó yìí ò gbọdọ̀ jáde. Ibi tí ogún náírà gbà jáde yìí, ibẹ̀ náà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún yín ń gbà lọ." Ó nu ogún náírà ẹ̀, ó dá a padà sápò, ó ní kí wọ́n wọn kòtè òun. Ojú ẹsẹ̀ ni Ìsíátù gbà á síṣẹ́, ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀.

Ó bá wọn pààrọ̀ rọ́bà ilẹ̀kùn. Ó wá gbé oògùn fún àrùn tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, kò sílé tí kò sí. Tí iná bá lọ, a kì í pa súwíìsì kankan. A máa fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kí á lè mọ̀ tí wọ́n bá mú un dé. Tí wọ́n bá wá mú un dé, a ó pariwo "Wọ́n ti múná dé!", ẹ̀rọ yìnyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà níbẹ̀ á jọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, fáànù á dìde, ẹ̀rọ omi á dìde, mítà á sì fò sókè bí ẹni tí èèrà ta. Bàbá ní irú ìwà yẹn ni ti ìgbà tí iná wọ́n, tó jẹ́ pé ẹni tó bá pẹ́ á pàdánù. Ó ní iná ò wọ́n mọ́, owó ẹ̀ ló wọ́n. Àmọ́ ta ló máa gbọ́?

Ó kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ síwájú ẹ̀rọ yìnyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní, "Ṣé ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣáájú ìmáàmù forí kanlẹ̀ rí?"

Wọ́n ní, "Rárá sà."

"Ó dáa. Eléyìí ni Ìmáàmù. Eléyìí ni Náíbì. Eléyìí ni Ládàánì. Eléyìí tó ń hu bí ìkookò yìí, Apẹ́lẹ́yìn lorúkọ ẹ̀. Tí iná bá dé, Ìmáàmù lẹ máa kọ́kọ́ tàn. Ẹ máa ka ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó tan Náíbì. Ẹni tó bá jẹ́ kí Apẹ́lẹ́yìn ṣáájú Ìmáàmù, ìrun ẹ̀ bàjẹ́, owó oṣù ẹ̀ náà á bàjẹ́." Títí dòní, tí iná bá dé ní ilé yìnyín Ìyá Roqeebah, ẹ máa gbọ́ kí ẹnì kan pariwo pé, "Ìmáàmù ti dìde o!" Àjèjì á rò pé mọ́ṣáláṣí ni.

Àwọn ọmọ àdúgbò ló sọ ọ́ ní Bàbá Panápaná. Kò bínú sí i. Ó ní panápaná tòótọ́ máa ń pẹ́ kí ó tó dé, òun kì í pẹ́.

Fàthíà, obìnrin tó ń wọn ẹja fún oníbàárà, òun ló jìyà jù lọ́wọ́ ẹ̀. Fàthíà ní ìkòkò oníná kan tó fi ń se omi tíì lẹ́yìn òṣùwọ̀n. Bàbá bá a níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ó ní, "Fàthíà, nínú ilé tí à ń sanwó kó lè tutù, ìwọ ń sanwó kó lè gbóná. Ta ni kí mítà gbọ́ tiẹ̀ nínú àwa àtìwọ?"

"Bàbá, òtútù ló ń mú mi."

"Òtútù tí à ń tà ló ń mú ẹ! Ọjà wa lò ń jẹ yẹn!"

Ó gba ìkòkò náà lọ́wọ́ ẹ̀. Fàthíà bú u títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá gba Òṣòdì wá sí ibi iṣẹ́, ó mú súwẹ́tà òkìrìká kan dání, súwẹ́tà nínípọn àwọ̀ ewé tó dé orúnkún. Ó ní, "Eléyìí ò ní wáyà. Wọ̀ ọ́." Fàthíà kò tún bú u mọ́.

Ashraf onígẹ̀run tó wà nítòsí ní tiẹ̀ ti ń fa iná Ìyá Roqeebah láti ọdún méjì. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bàbá rí wáyà kan tó gba abẹ́ fèrèsé jáde, ó tọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀, ó gba ẹ̀yìn kòtò, ó gba orí ògiri, ó bá ara ẹ̀ lábẹ́ àga onígẹ̀run. Ó jókòó sórí àga náà. Ó ní kí Ashraf gẹ̀ ẹ́, òun ò ní í sanwó, títí dọdún méjì. Ashraf wo orí tó ń dán níwájú ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, kí ni mo fẹ́ gẹ̀ níbí?" Bàbá ní, "Ọ̀rọ̀ tìẹ nìyẹn. Má sì tan ẹ̀rọ o, abẹ ni kó o lò."

Àmọ́ ti mọ́ṣáláṣí ló pa Ìsíátù lẹ́rìn-ín jù. Jímọ̀ ọjọ́ kan ni, wáàsí ń lọ lọ́wọ́. Bàbá gbójú sókè, ó rí fáànù mẹ́ta tó ń yí lórí ẹní tí kò sẹ́nì kan. Ó mú un mọ́ra. Kò ṣeé mú mọ́ra. Ó dìde jẹ́jẹ́, ó yọ́ lọ sídìí ògiri níbi tí súwíìsì mẹ́jọ wà lórí ìlà, tí kò sórúkọ lára ìkankan. Èyí tó kọ́kọ́ tẹ̀, gbohùngbohùn ló pa. Ẹnu ìmáàmù ń jà, a ò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn tó wà lẹ́yìn rò pé àdúà ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ń ṣe "Àmín, àmín." Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀run àpáàdì ni ìmáàmù ń sọ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n bi Bàbá léèrè, ó ní kí wọ́n dárí ji òun, àmọ́ kí wọ́n bá òun kọ orúkọ sára súwíìsì.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ìsíátù náà rẹ́rìn-ín nígbà náà. Láàárín oṣù mẹ́ta, iná tó ń lò fún ọjọ́ mọ́kànlá ń gbé e dé ọjọ́ kọkàndínlógún. Kò wá ẹni tó máa ra ilé yìnyín mọ́. Ó tiẹ̀ fẹ́ fi kún owó Bàbá. Bàbá ní kó fi ra rọ́bà fẹ̀lẹ́fẹ̀lẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu ọ̀nà bíi kọ́tìnnì, kí òtútù má baà jáde tí ilẹ̀kùn bá ṣí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ò jẹ́ kí oníbàárà wá, Ìsíátù bi í pé, "Bàbá, kí ló ń ṣe yín gan-an tẹ́ ẹ fi kórìíra kí iná tàn lásán?"

Bàbá ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lòun fi ṣiṣẹ́ iná ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan nínú Ìsọlọ̀ Industrial Estate. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, ìdí aṣọ ni wọ́n bí i sí. Ó ní ẹgbẹ̀rin èèyàn ló ń jẹun níbẹ̀. Ẹ̀rọ á máa yí nígbà tí kò sí òwú lẹ́nu ẹ̀, iná á máa tàn ní yàrá tí ẹnikẹ́ni ò dé láti ọ̀pọ̀ oṣù. Òun kọ ìwé sáwọn ọ̀gá lẹ́ẹ̀mẹfà, wọ́n ní kóun lọ máa ṣiṣẹ́ òun. Nígbà tó yá, owó iná àti ti epo dísù gbé ilé-iṣẹ́ náà mì. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ti géètì, òun ni wọ́n ní kó lọ pa iná gbogbo yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Mo pa á, Alhaja. Mo pa gbogbo ẹ̀. Àwọn èèyàn dúró síta, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń wò bí fèrèsé ṣe ń ṣókùnkùn. Ìgbà tí mo bá rí iná tó ń tàn lásán, àwọn ni mò ń rí." Kò tún sọ ọ́ mọ́. Ìsíátù nìkan ló sọ fún.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Ìsíátù gbé, tó sì jù lu bàbá náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́jọ́ Alhaji Abdulmajeed. Alhaji ń gbọ̀n, ó ń pariwo pé òun máa kó ẹja òun lọ síbòmíì lónìí-lónìí. Ọ̀nà ọjà kún fún èrò. Ẹ̀rù ba Ìsíátù. Ẹja ọkùnrin yìí tó ìdajì ilé yìnyín. Tó bá kó o lọ, ọ̀rọ̀ àtẹ tún dé. Ẹ̀rù yẹn ló di ìbínú sí i lẹ́nu. Ó kọjú sí Bàbá níwájú gbogbo wọn.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ ti oníbàárà mi mọ́lé? Ẹ fẹ́ pa tèmi náà kú, àbí? Bẹ́ ẹ ṣe pa ilé-iṣẹ́ aṣọ yẹn! Ẹsẹ̀ tí ẹ gbé wọbẹ̀ ló pa á! Ẹ gbẹ́sẹ̀ yín kúrò nílé mi, kó má pa mí!"

Ó bọ́ lẹ́nu ẹ̀ báyẹn. Ẹyin lohùn, tó bá ti bọ́ sílẹ̀, kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣà á.

Alhaja ni Bàbá máa ń pè é, ojoojúmọ́, ìgbà gbogbo. Lọ́jọ́ yẹn, ó wò ó, ó ní, "Ìsíátù." Orúkọ yẹn nìkan. Ó kọjá lára àwọn èèyàn. Gílóòbù kan ń tàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ó nawọ́ pa á, ó jáde lọ. Àwọn èèyàn tún bú sẹ́rìn-ín.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi nu ṣọ́ọ̀kì kúrò lára ilẹ̀kùn. Ẹni tó fẹ́ ra ẹja kan ń ṣí i, ẹni tó fẹ́ wo ẹja tó rà lánàá náà ń ṣí i. Àwọn kan tiẹ̀ ń wọbẹ̀ lọ gba atẹ́gùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n gbàgbé ìlà ìmáàmù lọ́jọ́ kan, iná dé, gbogbo ẹ̀rọ jọ dìde, Apẹ́lẹ́yìn jóná. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún já wálẹ̀ sí ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Alhaji Abdulmajeed fúnra ẹ̀ wọlé wá. Kò kó ẹja ẹ̀ lọ síbì kankan. Ó mú kòtè kan dání níbi ìrù, orí ẹja náà tẹ̀ wá sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá Roqeebah, ẹ wo ẹja mi. Nígbà tí bàbá olóríkunkun yẹn wà níbí, ó máa ń le bí igi. Báyìí, ó ń dọ̀bálẹ̀ kí mi. Bàbá yẹn dà?"

"Mo ti lé e lọ, Alhaji. Nítorí yín ni."

"Nítorí èmi? Èmi ní kẹ́ ẹ lé e? Inú ló bí mi, mo pariwo, mo délé, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín mi, ó tán! Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ kó padà jàre."

Ìsíátù ní ó dáa, tó bá di Jímọ̀, òun á lọ. Àdúgbò Ailegun ni Bàbá ń gbé, kò jìnnà. Jímọ̀ dé, ọkọ̀ ẹja dé lọ́jọ́ náà. Jímọ̀ kejì, ó ní wọn kì í fi ọwọ́ òfo bẹ àgbà, kóun fara balẹ̀ ra nǹkan gidi. Jímọ̀ kẹta, ó gbé àpò ìrẹsì kan àti páálí kòtè sínú kẹ̀kẹ́, ó lọ. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ yà sí àdúgbò náà, ó rí Bàbá lọ́ọ̀ọ́kán, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ó wọ jalamíà funfun. Ìsíátù bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Kí ló fẹ́ sọ? Ibo ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?

Oníkẹ̀kẹ́ ní, "Mọ̀ọ́mi, ṣé ibí ni?"

Ìsíátù tẹ orí balẹ̀, ó fa gèlè bojú. Ó ní, "Máa lọ. Má dúró." Wọ́n kọjá níwájú Bàbá fíà. Ó gbé ìrẹsì àti kòtè ẹ̀ padà sílé, ó ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni.

Ẹ̀yin èèyàn, kí ló dé tí ẹsẹ̀ wa máa ń yá tí a bá ń lọ jà, tó sì máa ń wúwo tí a bá ń lọ bẹ̀bẹ̀? Ibi tó jẹ́ ogún ìṣẹ́jú lórí kẹ̀kẹ́ ni o. Ó sún un síwájú ní Jímọ̀ mìíràn, ó tún sún un. Ó di Ọjọ́bọ̀ kan, Fàthíà wọlé tòun ti súwẹ́tà, ojú ẹ̀ ti wú. Ó ní, "Alhaja, wọ́n ti sin Bàbá lánàá, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọjọ́ méjì péré ló lò ní ọsibítù." Ìsíátù jókòó sílẹ̀ láàárín omi ẹja. Kò tètè dìde.

Lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n ṣe fìdáù, ó lọ. Kò gbé ìrẹsì, kò gbé ẹja. Memunat, ìyàwó Bàbá, wà nínú yàrá, àwọn obìnrin yí i ká. Ìsíátù rò pé ẹkún lòun máa bá. Ẹ̀rín ló bá.

Memunat ń sọ fún wọn bí Bàbá ṣe ṣe ní ọsibítù. Ó ní ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù ń ṣiṣẹ́ ní yàrá òdìkejì tí kò sí aláìsàn kankan. Bàbá ní, "Nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀dì lẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn sí yẹn." Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ẹ sinmi." Ó ní, "Ẹ bá mi pa á, màá sì sinmi." Wọ́n pa á, ó sùn. Nígbà tí wọ́n rò pé ó ti sùn wọra, wọ́n tún tàn án. Bàbá la ojú kan. Ó ní, "Mo ń rí yín o."

Àwọn obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Ìsíátù kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Ìyá wa, ẹ forí jì mí. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ sí Bàbá. Mo fẹ́ wá bẹ̀ wọ́n. Mo ń bọ̀ wá bẹ̀ wọ́n ni."

Memunat wò ó. Ó ní, "Mo mọ̀. Ó rí yín."

"Ó rí mi?"

"Nínú kẹ̀kẹ́. Ó wọlé wá bá mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Memunat, Alhaja mi ló kọjá lọ yẹn, ó fi gèlè bojú bí ìyàwó tuntun. Ojú ló ń tì í. Á padà wá.' Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo Jímọ̀ tó bá ti kírun dé, orí bẹ́ǹṣì yẹn ló ń jókòó sí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí mo bá ní kó wọlé wá jẹun, á ní kí n ní sùúrù, àlejò òun lè máa bọ̀."

Ìsíátù bú sẹ́kún. Ó ní, "Ó bínú sí mi kó tó kú."

"Rárá o. Ó ti forí jì yín láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti sọ ọ́. Ó ní ẹ̀rù ló bà yín, pé èèyàn máa ń sọ ìsọkúsọ tí ẹ̀rù bá bà á. Ohun kan ló kàn ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Á kàn ṣàdédé ní, 'Memunat, ṣé ẹsẹ̀ mi ni lóòótọ́?' Mo ní, kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹ. Á ní ìyàwó òun ni mí, kí ni mo tún fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀. Ó ní ẹnu yín lòun ti fẹ́ gbọ́ ọ."

Ìsíátù dìde, ó jáde síta. Bẹ́ǹṣì náà ṣì wà níwájú ilé, kò sẹ́ni tó jókòó lórí ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀ nínú iyanrìn, lójú àwọn ọmọ tó ń ṣeré, lójú àwọn oníṣòwò tó wà lódìkejì.

Ó ní, "Bàbá, kì í ṣe ẹsẹ̀ yín. Irọ́ ni mo pa. Ẹsẹ̀ yín dáa. Ẹsẹ̀ yín ni kò jẹ́ kí n ta ilé yìnyín ọkọ mi." Ẹkún ti gba ohùn ẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń jáde.

Ohùn Memunat wá láti inú yàrá: "Ìyá Roqeebah, ẹ gbóhùn sókè díẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ aṣọ ti ba etí Bàbá jẹ́, kì í gbọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́."

Àwọn obìnrin inú yàrá rẹ́rìn-ín. Memunat náà rẹ́rìn-ín. Ìsíátù pàápàá, tòun ti omi ojú, rẹ́rìn-ín. Ó nu imú. Ó gbọ́wọ́ lé orí bẹ́ǹṣì, ó mí kanlẹ̀, ó wá pariwo ẹ̀ débi pé oníkẹ̀kẹ́ kan dúró: "Bàbá Mísbáù, kì í ṣe ẹsẹ̀ yín o!" Nígbà tí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ó tún un sọ.